Ọjọ́ Tí Àwọn Ará Gánà Pinnu Pé Àwọn Ò Níí Rẹ́rìn-ín

Bí mo bá gbọ́ òórùn èéfín jẹnẹrétọ̀ tó pò mọ́ òórùn kámfọ̀, gbọ̀ngàn ìlú Òsì ni ọkàn mi máa ń lọ. Òórùn méjèèjì yìí kì í sábà pàdé, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba ni èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń wà, abẹ́ aṣọ inú àpótí sì ni ti kámfọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Kérésìmesì kan, ní àwọn ọdún tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, nígbà tí ọyẹ́ ti la gbogbo ètè ìlú. Jẹnẹrétọ̀ àwọn onísinimá ń bú ramúramù lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n ti fi tapólì dí àwọn fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, ooru sì mú nínú ilé náà tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ń gbàgbé pé ọyẹ́ ń fẹ́ níta. Lórí àwọn bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá ni àwọn àgbàlagbà kan jókòó sí, nínú aṣọ Gánà tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n le ojú koko. Eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n wá wò, wọ́n sì ti ṣèpinnu pé àwọn ò níí rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ló jókòó sí àárín wọn. Òun ló dá àbá náà.

Ará Odò-Ọwà ni mí, Òsì ni mo lọ́kọ sí. Tíṣà ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbéga díẹ̀, mo sì lóyún àkọ́kọ́. Ìlọrin ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé bí ọ̀nà bá dára. Bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbélé. Màmá ni mo máa ń pè é, òun a sì máa pè mí ní Ìyàwó. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ti kú kí n tó relé ọkọ, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i pé Ọlọ́run ti fi òmíràn rọ́pò. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, màá bá ẹran tó tóbi jù nínú abọ́ tèmi. Bí ẹsẹ̀ mi bá wú, òun ni yóò gbé omi gbígbóná wá. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ mi yóò bọ́ sí, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti fọkàn sí i, n kò tilẹ̀ ro ọ̀nà mìíràn.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìyẹn Gánà. Gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń tajà ní Kùmási títí di ìgbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé máa lọ sílé, tí wọ́n sì fi lọ́rì kó ara wọn wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ ká. Wọ́n pọ̀ ní agbègbè wa, ní Òsì, ní Ìlọ́fà, ní Òkè-Ọ̀pin, o kò lè rìn jìnnà kí o má pàdé ẹni tó ti Gánà dé. Kódà, gbọ̀ngàn tí mò ń wí yìí, àwọn ni wọ́n dáwó láti Kùmási tí wọ́n fi kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú níbẹ̀. Wọn ò sì tú ẹgbẹ́ náà ká nígbà tí wọ́n dé. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá parí oṣù ni wọ́n máa ń ṣèpàdé. Àárín wọn ni Màmá wà, ṣùgbọ́n nínú ilé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Àfi bó bá ń ka iṣu, tí màá gbọ́ pé èdè Gánà ló fi ń kà á lábẹ́ ẹnu.

Fọ́tò ọkọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lára ògiri, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Wọn ò tíì lo ọdún kan nílé tí ó fi kú. Mo bi ọkọ mi nígbà kan pé irú èèyàn wo ni bàbá rẹ̀. Ó wo fọ́tò náà títí, ó ní, “Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, n kò lè mọ̀ ọ́n.” Nígbà tó ṣì kéré gan-an ni wọ́n ti rán an wálé sọ́dọ̀ ìyá àgbà kó lè lọ sílé-ìwé, bí àwọn ará Gánà ṣe máa ń ṣe sí ọmọ wọn. Bàbá rẹ̀ máa ń wálé bí ọdún bá dé, a kó aṣọ àti bàtà fún un, a tún padà. Mo wá rò nínú ara mi pé bóyá Màmá ò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin wo ni yóò fẹ́ràn ọkọ tí kò ní dárúkọ rẹ̀?

Ọ̀rẹ́ Màmá ló là mí lójú. Oníbúrẹ́dì ni, Kùmási ló ti kọ́ṣẹ́, òórùn ààrò rẹ̀ ló máa ń jí àdúgbò wa láràárọ̀. Ọjọ́ kan ni mo bá Màmá lọ sọ́jà. Ó ń ná ata gbígbẹ, ó gbé e sókè, ó wò ó, ó ní, “Nígbà tá a wà…” ó sì pa ẹnu dé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Aláta ti bá a parí rẹ̀: “Nígbà tá a wà ní Gánà!” Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Wọn ò fi ṣe ìkà, bí a ṣe ń ṣàwàdà láàárín ara wa ni. Màmá sanwó ata, ó yípadà sílé láìra ọjà yòókù. Ní ọjọ́ kejì tí mo lọ ra búrẹ́dì, mo bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tó dé.

Sinimá ló fà á. Kí n tó relé ọkọ ni àwọn onítíátà kan ti gbé sinimá kan káàkiri ilẹ̀ wa. Mo rí i ní Odò-Ọwà, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Obìnrin sísanra kan ló ń ṣeré nínú rẹ̀, tó ti Gánà dé tí kò rí ohunkóhun nílé tó dára. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ fún un, á ní, “Nígbà tá a wà ní Gánà, ọbẹ̀ ò rí báyìí.” Bí òjò bá rọ̀, òjò Gánà dára jù. Kódà nígbà tí wọ́n jí i lẹ́wù, ó ní olè Gánà a máa kíni kó tó jalè. Láti ọjọ́ náà, kò sí ará Gánà tó lè la ẹnu rẹ̀ nílùú tí ọmọdé kan kò ní bá a parí ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn kò bìkítà, wọ́n ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dun Màmá wọnú egungun.

Oníbúrẹ́dì da ìyẹ̀fun sórí tábìlì, ó ní, “Ìyàwó, gbọ́. Gánà ni ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹ. Gánà ni ọ̀n ti bí gbogbo ọmọ ọ̀n. Ulé yìí, ọkọ náà kàn wá kú sí i ni. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, níbo ló máa ti bẹ̀rẹ̀?” Mo gbé búrẹ́dì mi, mo sì wo fọ́tò ara ògiri náà pẹ̀lú ojú mìíràn nígbà tí mo délé.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe wà tí Kérésìmesì fi sún mọ́lé, tí ọkọ̀ kan sì wọ ìlú pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí, tó ń kéde pé Apá Kejì ti dé. Gbogbo ọmọdé Òsì ló tẹ̀lé ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìnkùlé ni èmi àti Màmá wà, à ń bó iṣu. Ohùn obìnrin sísanra náà ni wọ́n fi ń kéde, gbólóhùn rẹ̀ kan náà yẹn. Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù mọ́ ìró, ó ní, “Ó tó. Bí ọdún bá ti ré kọjá, mo máa bá àbúrò ọkọ rẹ lọ sí Kàdúná.” Ọmọ rẹ̀ kejì tó wà ní Kàdúná ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kì í dá a lóhùn tẹ́lẹ̀. Ó ní ní Kàdúná, kò sẹ́ni tó mọ òun, kò sẹ́ni tó máa fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Kí ni ìyàwó ilé lè sọ sí i? Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá,” bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, mo gbé iṣu lọ sí ilé ìdáná, mo sì sunkún níbẹ̀. Ohun tí ìlú máa wí kọ́ ló ń dùn mí. Mò ń ro ọmọ tí màá bí, mo sì ń ro ara mi nínú ilé yẹn láìsí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ ò dúró de ìparí oṣù, wọ́n pàdé lọ́dẹ̀dẹ̀ wa. Bàbá kan tó ti ṣe télọ̀ rí ni alága. Ó dá a lábàá pé kí wọ́n lọ bá ọba kó dá sinimá náà dúró. Oníbúrẹ́dì ní ọmọ ọba gan-an ló ń lẹ ìwé sinimá mọ́ ògiri. Ẹlòmíràn ní kí gbogbo wọn jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Màmá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló dìde. Ó ní bí àwọn bá jókòó sílé, ìlú á rò pé àwọn sá ni, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín ju ti àtijọ́ lọ. “A máa lọ ni,” ló wí. “A máa wọ aṣọ wa. A máa jókòó síwájú. A ẹ́ẹ̀ níí rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀n wá rí i pé ọ̀rọ̀ wa e í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.”

Ẹnu yà mí bí gbogbo wọn ṣe gbà á. Ṣùgbọ́n o mọ bí ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí, ìpinnu tí kò ní ìtanràn kì í ṣe ìpinnu. Màmá náà ló dá ìtanràn sílẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni yóò se oúnjẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́yìn ọdún tuntun. Alága fọwọ́ kan ètè rẹ̀, ó ní ọyẹ́ á ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ètè òun ti là tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín á máa ro òun lára. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i. Ó jọ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ìlú tó ti Èkó àti Ìbàdàn wá ṣọdún wà níbẹ̀, àwọn ará Kòrò rìn wá, àwọn ọmọ kéékèèké jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri. Èmi jókòó lẹ́yìn Màmá gẹ́lẹ́, oyún mi ò jẹ́ kí n lè tẹ̀ síwájú. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ tó ti Kàdúná dé dúró lẹ́yìn pátápátá. Iná kú, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké gììrì, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sórí aṣọ funfun.

Apá Kejì kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí. Ó padà sẹ́yìn ni, sí ìgbà tí obìnrin náà ṣì wà ní Kùmási, nínú agboolé kan tí àwọn Yorùbá kún. Obìnrin náà ń bá ẹni tó ni ilé jà nítorí omi, ó ń bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ jà nítorí aṣọ. Ó pani lẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú jókòó bí òkúta. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín wọn, wọ́n rí ẹ̀yìn àwọn àgbà yẹn tó le gan-an, ẹ̀rín náà sì kú sí wọn lọ́fun. Ó dé ibì kan tí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, tó jẹ́ ohùn inú sinimá nìkan là ń gbọ́. Onísinimá dá ẹ̀rọ dúró. Ó rìn wá síwájú, ó gbá gbohùngbohùn létí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn?” Alága dá a lóhùn láìyí ọrùn, “À ń gbọ́ dáadáa. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.” Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú ìrònú. Mo rí i tí Màmá ń mi orí díẹ̀. Ó ń borí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú ọkọ obìnrin náà jáde. Kò sí nínú apá àkọ́kọ́ rárá. Ọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, fìlà rẹ̀ bo etí, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè sókè bó ṣe ń rìn, bí ẹni tó ń la inú koríko tí ìrì sẹ̀ sí kọjá. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà ní Gánà, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Ó fẹ́ ra ẹyin. Ó fi Yorùbá béèrè lọ́wọ́ obìnrin Gánà kan tó ń tajà, obìnrin náà fi èdè tirẹ̀ dá a lóhùn. Ó tún béèrè, ó wá pariwo, bí ẹni pé adití ni obìnrin náà. Kò yé e síbẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó lóṣòó, ó ń ké bí adìẹ, ó sì ń fọwọ́ júwe abẹ́ ara rẹ̀. Obìnrin náà wò ó tàánútàánú, ó sì na ọwọ́ sí ilé ìgbẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọjà. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó tún fìlà ṣe, ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Àwọn èèyàn yìí ò gbọ́ èdè.”

Ohùn kan jáde láàárín bẹ́ǹṣì iwájú, tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ. Ẹ̀rín gígùn, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó ń gòkè. Màmá ni. Ó di ẹnu rẹ̀ mú, kò lè dá a dúró. Ó gbá itan oníbúrẹ́dì, ó ní, “Òun rèé. Ọkọ mi rèé o. Ẹ ẹ́ẹ̀ rí i ni?” Oníbúrẹ́dì ti tẹ̀ síwájú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Alága ní, “Ẹ̀yin lẹ dá ìtanràn sílẹ̀ o, Màmá,” kò sì parí rẹ̀ tí ẹ̀rín fi gbé òun náà, ẹ̀jẹ̀ kékeré yọ lára ètè rẹ̀ tó là. Ìlà iwájú ya pátápátá. Ẹ̀rín tí àwọn tó wà lẹ́yìn ti gbé mì láti ìbẹ̀rẹ̀ wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tapólì ojú fèrèsé ń mì.

Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti kúrò ní ẹ̀rín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ti yípadà. Ó ti tú gèlè, ó fi bo ojú. Àwọn àgbà wa máa ń wí pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Lọ́jọ́ náà mo rí ìyá kan tó gba inú ẹ̀rín padà sídìí ẹkún tó ti fò dá. Oníbúrẹ́dì gbá a mọ́ra, òun náà ń sunkún. Mo na ọwọ́ mi, mo gbé e lé èjìká rẹ̀. Ó di ọwọ́ náà mú títí sinimá fi parí, kò wojú aṣọ funfun yẹn mọ́.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ọmọ kan tí a ò rí dáadáa nínú eruku pariwo gbólóhùn náà tẹ̀lé wa. Màmá dúró, ó yíjú padà, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tá a wà ní Gánà. Wá jókòó kí n sọ fún ọ.” Ọmọ náà dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀lé wa délé lóòótọ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ Màmá méjèèjì.

Ó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó ń tú ẹrù. Ó ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà ní Kùmási, ọkọ òun kò kọ́ ju ìkíni lọ. Bó bá fẹ́ ra iyọ̀, á lá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sì fún ojú pọ̀. Bó bá fẹ́ ra ẹja, á máa fi ọwọ́ lúwẹ̀ẹ́ ní àárín ọjà. Bí wọ́n bá sì gbé nǹkan mìíràn fún un, á yíjú sí òun, á ní àwọn èèyàn yìí ò gbọ́ èdè. Ìyá Gánà kan ló ni ilé tí wọ́n ń gbé, ìyá náà àti ọkọ òun a sì máa jà lójoojúmọ́, olúkúlùkù ní èdè tirẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Àwa ń rẹ́rìn-ín. Màmá wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, tí ẹrù ti wà nínú lọ́rì, ìyá onílé yẹn jáde, ó di ọwọ́ ọkọ òun mú, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Ọkọ òun fi Yorùbá dá a lóhùn, òun náà ń sunkún. Wọ́n sọ ọ́ pẹ́, awakọ̀ ń fọn fèrè. Nígbà tí ó gun lọ́rì tán, tí ọkọ̀ ti ń lọ, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Òní ni obìnrin yẹn gbọ́ èdè.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu bàbá rẹ̀ tí kì í ṣe “kàwé rẹ dáadáa.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àbúrò ọkọ mi fẹ́ padà, ó ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń béèrè ẹrù Màmá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń wò wọ́n. Màmá gbé àpò gààrí àti iṣu jáde fún un, ó ní ẹrù òun kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà ní, “Màmá, ṣebí ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ̀gàn ìlú yìí mọ́?” Màmá tún iṣu tò sẹ́yìn mọ́tò kó má baà ṣẹ́. Ó ní, “Ta ló mọ bàbá rẹ ní Kàdúná?” Ó sì wọlé lọ. Mo jókòó sórí ìjókòó ìdáná, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, omi ń dà lójú mi, mo sì jẹ́ kó máa dà.

Ó san ìtanràn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún tuntun, a lọ àgbàdo kíkan, a fi háhá rẹ̀ di kẹ́ńkè, oúnjẹ Gánà, a din ẹja, a gún ata, gbogbo ẹgbẹ́ sì kún àgbàlá wa. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín gan-an, nítorí alága fẹ́ kí oníbúrẹ́dì náà se tirẹ̀. Láàárín ariwo náà ni ọkọ mi dìde. Ọkùnrin tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀ ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni bàbá mi ṣe ń rìn?” Màmá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rìn díẹ̀. Ọkọ mi tẹ̀lé e. Alága ní rárá o, ó kù díẹ̀, ọrùn rẹ̀ a máa tẹ̀ sí ọ̀tún. Oníbúrẹ́dì ní ọwọ́ òsì kì í mì, ẹ̀yìn ló máa ń fi sí. Bàbá kan láti ìsàlẹ̀ ìlú ní kó má yára, ẹni náà kì í kánjú fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ọlọ́pàá. Ọkọ mi, ọkùnrin tó ti ní iṣẹ́ ìjọba, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di bàbá ọmọ, ń lọ ó ń bọ̀ nínú àgbàlá, wọ́n ń tún un ṣe, ọrùn, ọwọ́, orúnkún. Ó dé ibì kan tí gbogbo wọn dákẹ́, tí wọn kò rí nǹkan tún ṣe mọ́. Màmá ní, “Òun nìyẹn.”

Ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ mi bọ́ sí. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti kú, àwọn tó jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú yẹn sì ti lọ tán. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Màmá rò pé ẹ̀rín ìlú ni òun ń sá fún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí ibi tí kò ti ní rí ẹlẹ́rìí kan. Ìlú tó ń pa á lẹ́nu mọ́ yẹn náà ni àwọn tó mọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń rìn wà. Èmi tí mo wá láti Odò-Ọwà, tí n kò rí bàbá ọkọ mi sójú rí, bí mo bá rí i lójú ọ̀nà lónìí, màá mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ọkùnrin ṣe ń rìn.